Omi Gíréèpù Ọjọ́ Mẹ́sàn-án

Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Ọ̀gá Ẹ̀rọ ṣí ilẹ̀kùn ilé ìtẹ̀wé ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò sì tíì wọlé tán tó fi figbe ta. Bàbá Onítẹ̀wé, ẹni tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún mẹ́rìnlélógójì sẹ́yìn, wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé bébà. Orí rẹ̀ ti gbá ẹsẹ̀ irin ẹ̀rọ náà. Awò ṣì wà lójú rẹ̀, gíláàsì kan ti là. Lórí tábìlì tó wà nítòsí rẹ̀ ni páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà, àti ìgò omi èso kan tó kù sí ìdajì.

Ìgò Ìyá Ọlọ́sàn ni. Gbogbo àdúgbò mọ ìgò rẹ̀. Opó ni, ó ń fún omi èso tà nínú ìsọ̀ onípákó tó dojú kọ ilé ìtẹ̀wé.

Kí aago mẹ́jọ tó lù, àdúgbò ti dá ẹjọ́ fún un. Àbúrò Bàbá, ẹni tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà, ló kọ́kọ́ kígbe pé, "Ó ti fún ẹ̀gbọ́n mi ní májèlé mu o!" Ọ̀gá Ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ sọ òkúta. Wọ́n wó ìsọ̀ náà palẹ̀, ọsàn sì ń yí gbirigbiri wọ inú gọ́tà. Ọlọ́pàá tó dé síbẹ̀ gbé Ìyá Ọlọ́sàn lọ. Bóyá ó fẹ́ gbà á sílẹ̀ ni o, bóyá ó fẹ́ fi ẹ̀sùn kàn án ni, òun fúnra rẹ̀ kò lè sọ.

Ìsípẹ́kítọ̀ tí wọ́n fi ọ̀ràn náà lé lọ́wọ́ ni gbogbo àgọ́ ń pè ní Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́. Yálà olè ló jókòó níwájú rẹ̀ ni o, tàbí ẹni tí wọ́n jà lólè, "pẹ̀lẹ́" ló máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá kékeré a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ọ̀daràn kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Kí lo tún ń wá?" ni ọ̀gá àgbà àgọ́ bi í. "Òkú rèé, ìgò rèé, ẹni tó ni ìgò rèé. Lọ́la, tí oòrùn bá ti kan àtàrí, ó ń lọ sílé ẹjọ́ nìyẹn. Ìpànìyàn."

"Ẹ jẹ́ kí n lo àkókò tó wà láàárín, sà."

Ìyá Ọlọ́sàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú àtìmọ́lé. Gèlè ti ṣí lórí rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń rùn fún èèpo ọsàn.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá."

"Ẹ má kí mi ní pẹ̀lẹ́ o, ọ̀gá. Ṣé èmi ni wọ́n ní mo pa á? Èmi? Ọdún méjì ni mo fi ń gbé omi ọsàn lọ bá bàbá yẹn, láago mẹ́fà ààbọ̀, lójú fèrèsé rẹ̀. Bí mo bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ́, á ní, 'Ìyá Ọlọ́sàn, ṣé ọkọ tuntun ni kò jẹ́ kí o tètè jí ni?'" Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dé ìdajì tó fi di ẹkún.

"Kí lẹ fún un láàárọ̀ yìí?"

"Gíréèpù, èso ńlá kíkorò tó jọ ọsàn yẹn."

Kọ́púrà tó ń kọ̀wé gbé orí sókè. "Mo ti kọ ọsàn síbí o."

"Ọsàn ni tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé tí mo bá ìwé kan lábẹ́ ilẹ̀kùn ìsọ̀ mi. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ ni, kì í ṣe ìwé àfọwọ́kọ, orúkọ ilé ìtẹ̀wé sì wà lókè rẹ̀. Ó ní gíréèpù ni kí n máa fún fún Bàbá láti ọjọ́ náà lọ, ife méjì láràárọ̀, pé dókítà ló pàṣẹ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Mo bi Bàbá pé ṣé kò korò jù. Ó ní, 'Oògùn gidi wo ló ń dùn?'"

"Ìwé náà dà?"

"Mo fi kọ́ ìṣó nínú ìsọ̀. Ìsọ̀ tí wọ́n wó." Ó fi etí aṣọ nu ojú. "Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo rí gbogbo ẹni tó sọ òkúta, ọ̀gá, mo sì rí ọmọ Bàbá lójú fèrèsé, tó ń wò wá. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí n kò bu omi fún rí. Ọmọbìnrin mi ń bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣé ibí ni yóò ti wá kí mi?"

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ kì í ṣèlérí ohun tí kò tíì dé ọwọ́ rẹ̀. Ó lọ sí ìdí ìsọ̀ tó wó. Ó tú pákó, ó tú ike, ó tú èso tí wọ́n ti tẹ̀ fọ́, títí ó fi rí ìṣó náà, tó ṣì kan mọ́ pátákó, pẹ̀lú ìwé tí omi èso ti rin gbindin. Ohun tí obìnrin náà sọ gan-an ló wà níbẹ̀. Ó yí i padà. Ní igun ẹ̀yìn rẹ̀, ẹnì kan ti fi pẹ́ńsùlù pupa fa àmì kékeré kan, ó tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja.

Ó fi ìwé náà sínú ọ̀rá, ó sì wọ ilé ìtẹ̀wé.

Òórùn yíǹkì àti ti epo ẹ̀rọ kún inú ilé. Lára ògiri, níbi tí Bàbá ti máa ń jókòó, káàdì kan wà tó máa ń kọ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí ní àràárọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, 152 lórí 96. Ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn, 138 lórí 88. Lẹ́yìn náà, iye náà ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà: 121, 110, 101. Ti ọjọ́ Ajé jẹ́ 92 lórí 57. Bàbá ti fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀.

"Ó dùn mọ́ ọn nínú púpọ̀," ni Ọ̀gá Ẹ̀rọ wí. Ọkùnrin tó síngbọnlẹ̀ ni, kò sì lè wo ojú ọlọ́pàá. "Ó ti tó ọjọ́ márùn-ún tó ń di ẹ̀rọ mú kó tó lè rìn. Mo ní, 'Bàbá, ẹ lọ rí dókítà.' Ó ní kí n wo káàdì, pé ẹ̀jẹ̀ òun ti ń gbọ́ràn. Ọ̀gá, tí ohun kan bá ti wà ní títẹ̀, bàbá yẹn á gbà á gbọ́. Ó máa ń sọ fún wa pé ẹnu lè purọ́, ṣùgbọ́n ìwé títẹ̀ ti kọjá lójú ènìyàn méjì."

"Ojú ènìyàn méjì báwo?"

Ọ̀gá Ẹ̀rọ na ọwọ́ sí ìdì bébà kan tí wọ́n gún mọ́ ìṣó gígùn. "Òfin rẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ kan kì í jáde níbí láìjẹ́ pé ẹnì kan tún kà á lẹ́yìn ẹni tó tò ó, kó sì fi pẹ́ńsùlù pupa fa àmì tirẹ̀ sẹ́yìn. Àwa mẹ́rin, pẹ̀lú Bàbá, la ní àmì. Èyí tí kò bá lámì, iná la fi ń sun ún. Ó ti mọ́ wa lára débi pé mo fa àmì sẹ́yìn ìwé ìgbéyàwó ara mi."

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ ṣí ìdì náà wò. Àgbélébùú wà, òbìrípo wà, igi méjì wà, ìwọ̀ ẹja náà sì wà. Kò béèrè ẹni tó ni èwo. Ẹni tí a bá bi léèrè á ráyè ronú irọ́.

Ọmọ Bàbá, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, jáde láti inú yàrá. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni. Òun ló ń to ọ̀rọ̀, òun ló sì ń kà á yẹ̀ wò jù. Àǹtí Ìwé ni gbogbo wọn ń pè é. Ojú rẹ̀ wú fún ẹkún, síbẹ̀ ó fa àga fún ọlọ́pàá, ó sì bu omi tútù fún un.

"Ẹ ṣé, Àǹtí. Ẹ pẹ̀lẹ́. Kí lẹ rò nípa obìnrin ọlọ́sàn yìí?"

"N kò mọ ohun tí n ó rò, sà. Ìjọba ló mọ̀ ọ́n."

"Ìjọba wo?" ni Àbúrò Bàbá bú jáde láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹni tó da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹni tó da májèlé síwájú ńkọ́? Kí wọ́n so ó kọ́!"

"Bùrọ̀dá, ẹ fara balẹ̀," ni Ọ̀gá Ẹ̀rọ wí. Ó yíjú sí ọlọ́pàá. "Ìbínú ni. Àwa ti ń bẹ Bàbá tipẹ́ kó lọ sinmi. Àǹtí yìí, ọdún mẹ́ta ló fi bẹ̀ ẹ́ kó fa ilé iṣẹ́ lé òun lọ́wọ́. Ó máa ń ní, 'Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ mi bá kọ̀ láti gbé mi, ọjọ́ náà ni n ó kó kọ́kọ́rọ́ fún ọ.' A sì máa ń fi rẹ́rìn-ín."

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Ní ìrọ̀lẹ́, dókítà tó yẹ òkú náà wò, òun kan náà tó ń tọ́jú Bàbá, pe Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ wá sí ọ́fíìsì rẹ̀.

"Kò sí májèlé nínú ìgò yìí. Gíréèpù lásán ni. Irin tó gbá lórí ló pa á. Ṣùgbọ́n ohun kan ò yé mi. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó wà lára rẹ̀ pọ̀ bí ẹni pé ó gbé hóró mẹ́ta mì lẹ́ẹ̀kan náà."

"Mo ti ka ohun tó kù nínú páálí. Hóró kan lójúmọ́ ló lò, kò lé, kò dín. Dókítà, ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi mu omi gíréèpù. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ pàṣẹ."

Dókítà dìde débi pé àga rẹ̀ ṣubú. "Èmi kẹ̀? Èmi tí mo pààrọ̀ oògùn rẹ̀ lóṣù tó kọjá? Gíréèpù nìkan ni mo lè bẹ̀ ẹ́ pé kó sá fún!" Ó gbé àga náà, ó sì jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ gbọ́. Omi èso kì í ṣe ọ̀tá ẹlẹ́jẹ̀ ríru, kì í sì í ṣe gbogbo oògùn rẹ̀ ni gíréèpù ń bá jà. Ṣùgbọ́n irú èyí tó ń lò, wọn kì í gbé inú ilé kan náà. Nǹkan kan wà nínú ìfun wa tó máa ń dín agbára oògùn náà kù kó tó dé inú ẹ̀jẹ̀. Gíréèpù á pa nǹkan náà lẹ́nu mọ́. Hóró kan á wá ṣe iṣẹ́ méjì, iṣẹ́ mẹ́ta. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ru á wá lọ sílẹ̀ jù. Òyì á máa kọ́ ọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní gbé e mọ́."

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ sún àga rẹ̀ mọ́ tábìlì. "Ẹ tún èyí tó gbẹ̀yìn yẹn sọ, dókítà."

"Mo ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní gbé e."

Ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì, ó gbé páálí oògùn náà lọ bá apòògùn. Ẹ̀yìn gíláàsì ni obìnrin náà ń jókòó sí, ihò kékeré kan ló ń gbà na oògùn jáde. Ìwé kékeré aláwọ̀ ìyeyè kan lẹ̀ mọ́ ara páálí náà: *Omi gíréèpù ni kí ẹ máa fi lo oògùn yìí.*

Apòògùn kà á, ó tún un kà, ẹnu rẹ̀ sì là sílẹ̀. "Olúwa mi o! Èyí kọ́ ni mo lẹ̀ mọ́ ọn! Bó ti rí gan-an rèé, àwọ̀ rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tèmi kọ́ nìyí!"

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ fi èékánná tú igun rẹ̀. Òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀: *Ẹ má ṣe mu gíréèpù bí ẹ bá ń lo oògùn yìí.*

"Ta ló ń tẹ ìwé ìlẹ̀mọ́ yín?"

"Ilé ìtẹ̀wé Bàbá náà ni."

"Ta ló wá gba oògùn yìí?"

"Ọ̀kan nínú wọn ni, ní ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn. Mo ṣàlàyé gíréèpù fún ẹni náà dáadáa, mo ní tí Bàbá bá mu ún, òyì á máa kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ nìkan ni mo máa ń rí nínú ihò yìí, ọ̀gá, fáànù yìí kì í sì í jẹ́ kí n mọ ohùn. Ọwọ́ náà ní yíǹkì ní èékánná."

"Gbogbo wọn ló ní yíǹkì ní èékánná," ni Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ wí.

Aago mọ́kànlá ló dé ilé ìtẹ̀wé. Ó kù wákàtí kan kí wọ́n gbé Ìyá Ọlọ́sàn lọ sílé ẹjọ́. Ó jókòó sí yàrá inú, ó sì gbé ìwé ẹ̀sùn kan sórí tábìlì. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀ ju ife pẹ́ńsùlù Bàbá lọ.

"Mo kánjú kọ ọ́ ni," ló sọ fún wọn. "Ẹ bá mi kà á, lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, bóyá àṣìṣe wà níbẹ̀, kí n tó gbé e lọ."

Àbúrò Bàbá ló kọ́kọ́ wọlé. "Kí ni mo fẹ́ kà? Níbo ni n ó fọwọ́ sí?" Ó fọwọ́ sí i, ó jáde.

Ọ̀gá Ẹ̀rọ fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó parí, ó yí ìwé padà, ó mú pẹ́ńsùlù pupa, ó fa òbìrípo kan sí igun, ó sì jáde láìmọ̀ pé òun ṣe nǹkan kan.

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ gbé ẹ̀dà mìíràn sílẹ̀ fún Àǹtí Ìwé. Ó kà á bí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó tún ọ̀rọ̀ méjì ṣe. Níbi tí ìwé ti sọ pé Ìyá Ọlọ́sàn fi májèlé pa Bàbá, ojú rẹ̀ dúró díẹ̀, ó sì kọjá. Ó yí ìwé padà. Ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ́ńsùlù pupa fúnra rẹ̀.

Ó fa ìwọ̀ ẹja kan.

Pẹ́ńsùlù náà kò tíì kúrò lórí bébà tí Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ fi gbé ìwé mìíràn lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èyí tó ti gbẹ, tó sì ń rùn fún gíréèpù. Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Ìwọ̀ ẹja méjì wá dojú kọ ara wọn.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," ló wí.

Ó pe àwọn yòókù wọlé. Kọ́púrà dúró sí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ gbọ́ bí mo ṣe rò ó. Kò sí májèlé, nítorí náà ẹni tó fún èso kọ́ ni mo ń wá. Ẹni tó ní kí wọ́n yí èso padà ni mo ń wá. Ẹni náà mọ ohun tí gíréèpù ń fi oògùn yẹn ṣe, apòògùn ló sì sọ fún un nínú ihò gíláàsì. Ó lè tẹ ìwé ìlẹ̀mọ́ tó bá ti apòògùn mu, nítorí náà inú ilé yìí ló wà. Ó mọ̀ pé Bàbá kì í jiyàn pẹ̀lú ohun tí wọ́n bá tẹ̀. Ó tẹ ìwé méjì, ọ̀kan fún Bàbá, ọ̀kan fún Ìyá Ọlọ́sàn. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, àmọ́ nígbà tó ka ìwé Ìyá Ọlọ́sàn tán, ọwọ́ rẹ̀ ṣe ohun tí Bàbá kọ́ ọ. Ó fọwọ́ sí i."

"Irọ́ ni!" Àbúrò Bàbá di ògiri mú. "Irọ́ ni, ọ̀gá. Ọmọ yìí? Ọmọ tó ń fọ ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀? Àǹtí, sọ fún un pé irọ́ ni."

Àǹtí Ìwé kò gbé ojú kúrò lórí bébà. "N kò fẹ́ kó kú," ló wí. Ohùn rẹ̀ kéré. "Ó ní ọjọ́ tí ẹsẹ̀ òun bá kọ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi gbọ́ ọ. Mo ní kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ díẹ̀. Kí dókítà ní kó máa lọ sílé. Mo fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe é, kí n sì dá a dúró. Ó wá ń fi káàdì yẹn hàn mí ní àràárọ̀. Inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní, 'Wá wò ó, ọmọ mi.' Mo sì ń wò ó."

Ọ̀gá Ẹ̀rọ bọ́ fìlà rẹ̀, ó sì fi bo ojú.

"Èyí tí o ṣe sí bàbá rẹ," ni Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ wí, "o lè sọ fún adájọ́ pé o kò mọ ibi tí yóò já sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń sọ òkúta lu obìnrin yẹn, o dúró ní fèrèsé. Lónìí, o ka ẹ̀sùn ikú rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Àṣìṣe méjì lo rí níbẹ̀, o sì tún méjèèjì ṣe. Èyí tó tóbi jù, o fò ó."

Àǹtí Ìwé gbé pẹ́ńsùlù náà sílẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí kọ́púrà kí wọ́n tó béèrè.

Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ dé àgọ́, ó sì mú Ìyá Ọlọ́sàn jáde. Nígbà tó sọ fún un ẹni tó ṣe é, obìnrin náà jókòó sórí àtẹ̀gùn. "Ọmọ rẹ̀? Ọmọ rẹ̀ kẹ̀?"

Wọ́n padà dé ìdí ìsọ̀ tó wó. Àbúrò Bàbá ń to pákó. Ọ̀gá Ẹ̀rọ wà lórí eékún létí gọ́tà, ó ń ṣa ọsàn sínú agbọ̀n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó sọ òkúta dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn wọn, wọ́n ń wo ilẹ̀.

"Ta ni yóò tún mu ún, ọ̀gá?" ni obìnrin náà béèrè. "Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ta ló máa gba ife lọ́wọ́ mi ládùúgbò yìí mọ́?"

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ gbé bẹ́ǹṣì tó dojú bolẹ̀ padà, ó jókòó sí i láàárín gbogbo wọn, ó sì gbé ohùn sókè. "Èmi. Ẹ bu ife kan fún mi."

Ìyá Ọlọ́sàn wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo ikùn rẹ̀, ó wo òógùn tó wà níwájú orí rẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru?"

"Mo ní in, ìyá."

"Ẹ sì ń lo oògùn?"

"Láràárọ̀. Páálí rẹ̀ rèé nínú àpò mi, ẹ lè kà á."

"Mi ò ka páálí kankan mọ́," ló wí, ó sì mú ọ̀bẹ kan nínú àwókù. "Ẹ lọ pe apòògùn yín wá síbí. Ẹnu rẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́ kí n tó gé ọsàn kan."

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ dìde láìjiyàn, ó sì sọdá títì lọ pe apòògùn.